Orúkọ àti Ipò: Ìtàn Bí Àkójọ Olórúkọ Ṣe Ń Di Ìlà Iye

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sórí ètò wa lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ tí ó kan àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì dìde. Láti inú ilé wa ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí obìnrin kan bá bí ìbejì, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ni à ń pè ní Táíwò, èyí tí ó tẹ̀ lé e ni Kẹ́yìndé. Ọmọ tí ìyá wọn bá bí lẹ́yìn wọn ni Ìdòwú, ẹni tí ó sì tẹ̀ lé Ìdòwú ni Àlàbá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ orúkọ wọ̀nyí, bí kò tilẹ̀ rí àwọn ọmọ náà rí, ti mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn wá sáyé. Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó dáadáa. Nínú àṣà wa, Kẹ́yìndé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí wọ́n gbà pé òun ni ó rán Táíwò ṣáájú láti lọ tọ́ ayé wò. Nítorí náà, ètò méjì ni ó wà fún àwọn ọmọ kan náà: ètò bí wọ́n ṣe dé, àti ètò bí wọ́n ṣe ju ara wọn lọ. Bí àlejò kan bá wọlé, tí ó ní kí àwọn ọmọ yìí tò sórí ìlà, tí kò sì sọ ètò tí òun fẹ́, ta ni yóò dúró níwájú? Bí ó bá sì wọn gíga wọn, tí ó kọ iye náà sílẹ̀ láìkọ orúkọ ẹnì kankan sí i, báwo ni ẹni tí ó bá rí ìwé náà lọ́la yóò ṣe mọ ẹni tí ó ni iye wo?

Ìbéèrè méjèèjì yìí ni ìtàn tí a fẹ́ sọ. Àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wẹ́ẹ̀bù ti ń bá a yí fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ kí wọ́n tó fi òfin dáhùn rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nínú ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀nà méjì pàtàkì ni à ń gbà tọ́jú iye tí ó ju ẹyọ kan lọ. Èkínní ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní object. Nínú rẹ̀, iye kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí a fi ń pè é jáde. Èyí ni n ó máa pè ní àkójọ olórúkọ. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní array. Nínú tirẹ̀, iye kò ní orúkọ rárá. Ipò tí ó wà lórí ìlà ni a fi ń dá a mọ̀: ti àkọ́kọ́, ti èkejì, ti ẹ̀kẹta. Èyí ni n ó máa pè ní ìlà iye. Iṣẹ́ tí à ń sọ lónìí ni kí a mú àkójọ olórúkọ, kí a bọ́ orúkọ kúrò lára àwọn iye inú rẹ̀, kí a sì to àwọn iye náà sórí ìlà. Nínú èdè JavaScript, tí ó jẹ́ èdè ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, àṣẹ kan ṣoṣo ni a fi ń ṣe é lónìí. Object.values ni orúkọ àṣẹ náà.

Kí ni ó ń mú ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ irinṣẹ́ tí ń ṣírò àròpọ̀, tí ń to nǹkan láti orí èyí tí ó pọ̀ jù dé orí èyí tí ó kéré jù, tàbí tí ń ya àwòrán ìṣirò, ìlà nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n bá ṣiṣẹ́. Wọn kò béèrè orúkọ. Iye ni wọ́n fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní olùkọ́ kan ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, tí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn jẹ́ 205, 31 àti 118. Olùkọ́ náà ti ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀, ó sì kọ èsì ìdánwò wọn gẹ́gẹ́ bí ipò wọn: 205 gba máàkì 78, 31 gba 71, 118 gba 64. Ó fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ṣe orúkọ, ó fi máàkì ṣe iye. Ẹni tí ó ń bá a ṣe ojú ewé wẹ́ẹ̀bù wá fi Object.values sọ àkójọ náà di ìlà. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí olùkọ́ ti kọ ọ́ ni yóò ṣe jáde. Ó wá kọ ipò kìíní sí ara iye àkọ́kọ́, ipò kejì sí ara èkejì, ipò kẹta sí ara ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n ìlà tí ó jáde ni 71, 64, 78. Ẹni tí ó gba 71 di ipò kìíní, ẹni tí ó gba 64 di ipò kejì, ẹni tí ó borí gbogbo wọn sì di ẹni ìkẹyìn. Máàkì kan kò yí padà. Kò sí iye kan tí ó sọnù. Kọ̀ǹpútà kò sì kígbe pé àṣìṣe wà níbì kankan. Síbẹ̀, wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀bi ta ni? Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a tọ ọ̀rọ̀ náà dé orísun.

Nígbà tí èdè kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìlà iye ni ó gbilẹ̀. Ní ọdún 1957, John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM gbé èdè FORTRAN jáde fún iṣẹ́ ìṣirò. Nínú FORTRAN, bí o bá ní ọgọ́rùn-ún iye, o ó tò wọ́n sórí ìlà, o ó sì fi nọ́ńbà ipò wọn pè wọ́n, láti orí 1 lọ. Ìyẹn tẹ́ àwọn oníṣirò lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò àti àwọn ọ́fíìsì ìjọba kò fẹ́ máa rántí pé owó oṣù òṣìṣẹ́ ni ó wà ní ipò kẹrin. Wọ́n fẹ́ kí owó oṣù máa jẹ́ owó oṣù. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó dá èdè COBOL sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àkọsílẹ̀ tí apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní orúkọ. Láti ìgbà náà ni ìyàtọ̀ ti wà láàárín ẹni tí ń fi ipò mọ nǹkan àti ẹni tí ń fi orúkọ mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1967, ní ìlú Oslo ní orílẹ̀-èdè Norway, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard mú ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú sí i nínú èdè Simula 67. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni láti fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láyé: èrò tí ó tò sí ẹnu ibi ìsanwó, ọkọ̀ tí ń wọ èbúté. Wọ́n rí i pé ó yẹ kí ohun kọ̀ọ̀kan ní ìmọ̀ tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni object ti di gbajúmọ̀ nínú ìmọ̀ yìí. Ẹ̀bùn Turing, tí í ṣe ẹ̀bùn tí ó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ni a fi dá àwọn méjèèjì lọ́lá fún ọdún 2001.

Bí a bá ń fi orúkọ wá nǹkan, báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń rí i kíákíá? Onímọ̀ kan ní IBM, Hans Peter Luhn, ti dábàá ọ̀nà kan láti oṣù kìíní ọdún 1953. Ọ̀nà náà ni pé kí ẹ̀rọ fi àwọn lẹ́tà inú orúkọ ṣe ìṣirò kan tí yóò fún un ní nọ́ńbà yàrá tí yóò fi nǹkan náà pamọ́ sí. Nígbà tí ó bá fẹ́ mú un jáde, yóò tún ìṣirò kan náà ṣe, yóò sì lọ tààrà sí yàrá náà láìkan ilẹ̀kùn mìíràn. Ọ̀nà yìí yá púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ẹni. Yàrá tí ìṣirò bá yàn ni olúkúlùkù yóò wọ̀, kì í ṣe èyí tí ó tẹ̀ lé ti ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ dé. Bí o bá wá ní kí gbogbo wọn jáde, bí yàrá ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni wọn yóò ṣe jáde. Ètò bí wọ́n ṣe dé ti parẹ́.

Nítorí ìdí èyí, púpọ̀ nínú àwọn èdè tí ó tẹ̀ lé ọ̀nà náà kò ṣèlérí ètò kankan. Ní ọdún 1977, Alfred Aho, Peter Weinberger àti Brian Kernighan ṣe èdè awk ní Bell Labs. Awk ní àkójọ olórúkọ tí ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí ó ka ohun inú rẹ̀ jáde, kò sọ èyí tí yóò ṣáájú. Ní ọdún 1987, Larry Wall gbé èdè Perl jáde, èdè tí ó di ìlúmọ̀ọ́ká lẹ́yìn náà nígbà tí wẹ́ẹ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn kálẹ̀. Perl ní àṣẹ kan tí ń jẹ́ keys, tí ń kó gbogbo orúkọ jáde, àti òmíràn tí ń jẹ́ values, tí ń kó gbogbo iye jáde. Ẹ rí i pé iṣẹ́ tí à ń sọ lónìí kì í ṣe tuntun. Perl pàápàá kò ṣèlérí ètò, ó sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

PHP gba ọ̀nà mìíràn. Rasmus Lerdorf ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1994, ó sì fi í fún gbogbo ayé ní ọdún 1995. Ohun tí PHP ń pè ní array jẹ́ àkójọ olórúkọ àti ìlà iye pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: iye lè ní orúkọ, ètò bí wọ́n ṣe dé kì í sì í parẹ́. Àṣẹ array_values a máa bọ́ orúkọ kúrò, a sì tún ipò wọn kà láti orí òdo. Ó dára, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yìí ní ẹ̀gún tirẹ̀. Bí o bá yọ iye kan kúrò láàárín ìlà, nọ́ńbà ipò rẹ̀ yóò ṣófo, àwọn tí ó kù kò sì ní sún mọ́ra. Bí PHP bá wá fẹ́ fi ìlà náà ránṣẹ́ sí ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, yóò rí i pé àlàfo wà, yóò sì fi í ránṣẹ́ bí àkójọ olórúkọ. Ẹni tí ó ń retí ìlà ní òdìkejì yóò bá ohun mìíràn pàdé. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ètò ni ó ti pàdánù oorun lórí èyí, nígbà tí ó jẹ́ pé array_values kan ṣoṣo ni oògùn rẹ̀.

Wàyí o, a dé ọ̀dọ̀ JavaScript gan-an. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1995, Brendan Eich, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, fi ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́ èdè náà. Mocha ni a kọ́kọ́ pè é, ó di LiveScript, ó sì di JavaScript ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Eich mú àpẹẹrẹ àkójọ rẹ̀ lára èdè Self, tí David Ungar àti Randall Smith ṣe. Nínú Self, object kan a máa jogún ohun ìní lọ́dọ̀ òmíràn tààrà, bí ọmọ ti ń jogún bàbá. Ogún yìí dá wàhálà kan sílẹ̀. Nínú JavaScript àtijọ́, kò sí àṣẹ values. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìlà iye yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí inú àkójọ ká pẹ̀lú gbólóhùn for-in, yóò máa mú orúkọ kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa to iye rẹ̀ jọ. Ṣùgbọ́n for-in kì í ya ohun tí a fi ọwọ́ ara ẹni kó jọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a jogún. Bí ẹnìkan bá ti fi nǹkan kún ara baba ńlá gbogbo object, nǹkan náà yóò máa yọjú nínú gbogbo ìlà, bí àlejò tí a kò pè síbi ìnáwó. Ní ìparí ọdún 1999 ni ẹ̀dà kẹta ìwé òfin èdè náà fún ènìyàn ní àṣẹ hasOwnProperty, tí a lè fi bi àkójọ léèrè pé: tìrẹ ni èyí, àbí ìwọ jogún rẹ̀?

Ìwé òfin tí mo mẹ́nu bà yìí ṣe pàtàkì sí ìtàn wa. Nígbà tí JavaScript kúrò ní ti Netscape nìkan, àjọ Ecma ní Yúróòpù gbà á láti kọ òfin tí gbogbo ilé-iṣẹ́ yóò máa tẹ̀ lé. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1997. Kí ni ìwé náà sọ nípa ètò tí for-in yóò fi máa ka orúkọ jáde? Ó ní ọwọ́ olúkúlùkù tí ó bá ṣe ẹ̀rọ èdè náà ni ó wà. Ní kúkúrú, òfin dákẹ́.

Níbi tí òfin bá ti dákẹ́, àṣà ni í máa ń sọ̀rọ̀. Àwọn bùráúsà ìgbà náà, èyí ni àwọn ètò tí a fi ń wo wẹ́ẹ̀bù, a máa ka orúkọ jáde bí a ṣe kọ wọ́n wọlé. Kò sí ẹni tí ó pa á láṣẹ. Ó kàn rọrùn fún wọn bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn òǹkọ̀wé ètò rí i lónìí, wọ́n rí i lọ́la, ọkàn wọn sì balẹ̀ sí i. Wọ́n kọ́ ilé lé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tà fún wọn.

Ní àkókò kan náà, èdè tí a fi ń fi ìmọ̀ ránṣẹ́ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn gbilẹ̀. JSON ni orúkọ rẹ̀. Douglas Crockford ni ó ṣe àkójáde rẹ̀ láti ọdún 2001, láti inú bí a ti ń kọ àkójọ àti ìlà nínú JavaScript. JSON kò dákẹ́ bí Ecma ti dákẹ́. Ìwé tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 2006 sọ ọ́ ní gbangba pé àkójọ olórúkọ kò ní ètò, ìlà iye ni ó ní ètò. Ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere, ṣùgbọ́n àwọn tí àṣà ti mọ́ lára kò fiyè sí i.

Ọjọ́ tí àṣà àti ẹ̀rọ forí gbárí kò pẹ́ kí ó tó dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, Google gbé bùráúsà Chrome jáde. Yíyá ni Chrome fi ń fọ́nnu. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ JavaScript inú rẹ̀, tí a ń pè ní V8, mọ̀ pé orúkọ tí ó jẹ́ nọ́ńbà ṣoṣo, bí 31 tàbí 205, ni à ń lò fún ipò lórí ìlà. Nítorí náà, wọ́n kó gbogbo orúkọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ibìkan gẹ́gẹ́ bí ìlà, kí wọ́n baà lè tètè rí wọn. Bí o bá wá ní kí àkójọ jáde, àwọn olórúkọ nọ́ńbà yóò kọ́kọ́ jáde láti orí kékeré dé orí ńlá, kí àwọn olórúkọ lẹ́tà tó tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ṣe dé. Àwọn ojú ewé tí ó gbára lé àṣà dàrú. Àwọn ènìyàn fi ẹjọ́ sùn pé Chrome bàjẹ́. Ìdáhùn tí wọ́n rí gbà le, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni: òfin kò ṣèlérí ètò kankan.

Ẹ̀yin ará, àjàǹbá ipò kìíní àti ipò kẹta tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ibí yìí ni ó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣe tún un ṣe. Àwọn òǹkọ̀wé ètò kò dúró de òfin. Àwọn àkójọ irinṣẹ́ tí wọ́n ń pín fún ara wọn ti ní àṣẹ tí ń kó iye jáde. Prototype, tí Sam Stephenson bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, ní irú rẹ̀. Underscore, tí Jeremy Ashkenas gbé jáde ní ọdún 2009, ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ òfin fúnra rẹ̀ wà nínú ìjà nígbà náà: ẹ̀dà kẹrin tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ni wọ́n pa tì ní ọdún 2008. Nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2009, ó mú Object.keys wá, tí ń kó orúkọ tí ó jẹ́ ti àkójọ fúnra rẹ̀ jáde sórí ìlà, láìka ogún mọ́ ọn. Ìdajì iṣẹ́ parí. Ní ọdún 2015, ìwé òfin kọ ètò kan sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: nọ́ńbà ni yóò ṣáájú láti kékeré dé ńlá, orúkọ lẹ́tà yóò tẹ̀ lé e bí a ṣe kọ wọ́n. Ẹ rí i pé àṣà Chrome ni ó di òfin. Ṣùgbọ́n òfin náà kò tíì mú for-in àti Object.keys ní dandan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 ni Object.values wọ ìwé òfin, pẹ̀lú ìkejì rẹ̀, Object.entries, tí ń mú orúkọ àti iye jáde papọ̀ ní méjì-méjì. Ní ọdún 2019, Object.fromEntries wọlé, tí ń sọ ìlà méjì-méjì padà di àkójọ olórúkọ. Ọdún 2020 ni òfin ètò náà wá mú for-in, keys, values àti entries pọ̀. Láti ọdún 1997 tí òfin ti dákẹ́ títí di ọdún 2020 tí ó la ẹnu tán, ọdún mẹ́tàlélógún ni.

Kì í ṣe JavaScript nìkan ni irú èyí bá. Nínú èdè Python, àkójọ olórúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ètò bí nǹkan ṣe dé mọ́ ní ọdún 2016, nítorí ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń fi àyè pamọ́. Wọ́n kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2018, wọ́n ti sọ ọ́ di òfin. Perl kọjú sí ọ̀nà òdìkejì. Ní ọdún 2013, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da ètò náà rú sí i, kí ó lè máa yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ètò bá ṣiṣẹ́. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn ọ̀dàràn lè yan orúkọ tí gbogbo wọn yóò já sí yàrá kan ṣoṣo, kí ẹ̀rọ sì há. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe àǹfààní kejì: ẹni tí ó bá gbára lé ètò tí a kò ṣèlérí yóò tètè kọsẹ̀, kí ó tó dé ọjà.

Ó kù kí a dáhùn ìbéèrè wa. Ẹ̀bi ta ni, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ 205 di ẹni ìkẹyìn? Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ ènìyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá rán akọ̀wé ọ́fíìsì kan pé kí ó ka èsì wọ̀nyí jáde, yóò wo ojú ìwé, yóò mọ̀ pé ipò ni o fẹ́, yóò sì kà á bí ó ti yẹ. Kọ̀ǹpútà kò mọ iṣẹ́ ẹrú yàtọ̀ sí ti ọmọ. Iṣẹ́ tí a rán an gan-an ni ó ń jẹ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ipò ni ètò tí a fẹ́. Olùkọ́ gbà pé bí òun ṣe kọ ọ́ ti tó. Òǹkọ̀wé ètò gbà pé ohun tí òun ti rí rí ni òun yóò tún rí. Àwọn méjèèjì sọ àṣà di ìlérí.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni ìtàn yìí fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Èkínní, bí orúkọ bá ṣì máa wúlò, ẹ má bọ́ ọ kúrò. Ẹ lo Object.entries, kí iye máa rìn pẹ̀lú olówó rẹ̀. Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ ètò kan, ẹ sọ ọ́. Ẹ pàṣẹ pé kí a to ìlà náà láti orí máàkì tí ó pọ̀ jù, kí ẹ tó kọ ipò sí ara ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta, bí ètò bí nǹkan ṣe dé bá ṣe iyebíye, ẹ má fi í pamọ́ sínú ohun tí a kò dá fún un. Ẹ ṣe é ní ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà náà ní nọ́ńbà rẹ̀ àti máàkì rẹ̀ pọ̀. Ẹ sì lè lo Map, tí ó wọ JavaScript ní ọdún 2015, tí kì í da ètò bí nǹkan ṣe dé rú, ì báà jẹ́ nọ́ńbà ni orúkọ wọn.

Ẹni tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí nílé ẹ̀kọ́ lè sọ pé òfin ti wà wàyí, kí ni a tún ń bẹ̀rù? Lóòótọ́ ni òfin wà. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin ọdún 2020 sọ ni ètò tí ẹ̀rọ yóò fi kà á. Kò sọ ètò tí ó wà lọ́kàn yín. Òfin náà gan-an ni ó fi 31 ṣáájú 205. Bí ẹ bá pa òfin mọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ẹ kò sì sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹni tí ó yẹ kí ó ṣíwájú yóò ṣì kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé tí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ Táíwò àti Kẹ́yìndé sílẹ̀ fún àlejò láti méfò. Wọ́n fi ètò dídé sínú orúkọ, wọ́n sì fi ètò àgbà sínú àṣà, wọ́n wá ń fi àwọn méjèèjì kọ́ ọmọ. Nítorí náà, bí àlejò bá ní kí wọ́n tò, ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ kí á bi í ni pé: ètò wo ni o fẹ́? Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ máa bi ara yín nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ bọ́ orúkọ kúrò lára iye.